Bọ́ọ̀lù Àárín Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Mi

Tí mo bá sọ fún èèyàn pé bésíbọ́ọ̀lù ni mo gbá nígbà èwe mi, á kọ́kọ́ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, á wá bi mí pé ṣé Amẹ́ríkà ni mo dàgbà sí ni. Mi ò dé Amẹ́ríkà rí. Ashaiman ni wọ́n bí mi sí, níbi tí ìyá mi ti ń ta ọṣẹ dúdú. Ashaiman náà ni mo ti kọ́ eré yìí, lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan tí ewúrẹ́ ń jẹko ní apá kan rẹ̀ tí àwa ń sáré ní apá kejì. Ará Japan kan tó wá ṣiṣẹ́ ní èbúté Tema ló kó igi àti ìbọ̀wọ́ aláwọ wá fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Nígbà tó ń padà sílé, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ tíṣà kan, ọmọ Gã, tí gbogbo wa ń pè ní Kóòṣì. Àwọn tó ń kọjá lọ máa ń dúró wò wá, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ni bọ́ọ̀lù ṣe fún wa tí a fi ń fi igi nà án. Nígbà yẹn, ẹ̀rín wọn máa ń bí mi nínú. Ní báyìí mo ti dàgbà kọjá kí n máa bá èèyàn jà lórí igi àti bọ́ọ̀lù.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa eré náà kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Béèsì mẹ́rin ló wà lórí pápá. Ẹni tó bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù á máa sáré kan àwọn béèsì yìí lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ pápá á sì máa wá bí wọ́n ṣe máa ju bọ́ọ̀lù dé béèsì kó tó débẹ̀. Tí wọ́n bá mú bọ́ọ̀lù náà lókè kó tó kanlẹ̀, ẹni tó gbá a ti jáde nìyẹn. Láàárín béèsì kejì àti ìkẹta, ẹnì kan máa ń dúró tí kò ní béèsì kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀tìsítọ́ọ̀pù là ń pè é. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa ń wá jù, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ tó yá, kó ní apá tó le, kó sì ní ẹnu. Tí bọ́ọ̀lù bá gbéra lọ sókè láàárín èèyàn méjì, òun ló máa pariwo pé "Tèmi ni!" kí ẹnì kejì lè yàgò fún un. Tí kò bá pariwo, wọ́n á forí gbára, tàbí kí àwọn méjèèjì máa wo ara wọn lójú títí bọ́ọ̀lù á fi já lulẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ni ṣọ́ọ̀tìsítọ́ọ̀pù wa. Mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni yàn án. Ńṣe ló dà bíi pé ibẹ̀ ti ń dúró dè é kó tó dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti dúró sáàárín béèsì méjèèjì yẹn, ohùn rẹ̀ á yí padà, gbogbo wa á sì máa ṣe ohun tó bá ní ká ṣe. Ó máa ń mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kó tó kúrò lára igi. Mo bi í lọ́jọ́ kan bó ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbá a ni mò ń wò, chale, ọ̀rẹ́ mi. Ẹsẹ̀ kì í purọ́." Èmi náà wo ẹsẹ̀ títí, ẹsẹ̀ nìkan ni mo rí.

Bàbá wa ti kú kí n tó lè mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọdá títì ńlá níbi tí àwọn tùrótùró, ọkọ̀ akérò wa, kì í ti í dúró fún ẹnikẹ́ni. Òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú bọ́ọ̀lù, tipẹ́tipẹ́ kí àwa méjèèjì tó fojú kan bésíbọ́ọ̀lù rárá. Ọṣẹ ló fi kọ́ mi.

Ọṣẹ dúdú tí ìyá wa ń tà, alata samina ni àwọn ará Gánà ń pè é, ìyẹn ọṣẹ àwọn Alata, nítorí Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kò sí ilé kan ní Ashaiman tí wọn kì í fi orúkọ wa wẹ̀. Tí ọkọ̀ ọṣẹ bá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan á gun orí ẹrù, á máa ju ìṣùpọ̀ ọṣẹ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á máa gbà á. Ọṣẹ tuntun kì í le. Tí o bá fi ọwọ́ líle gbá a mú, ìka rẹ á rì sínú rẹ̀. Tí o bá sì jẹ́ kó bọ́, yanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì sí oníbàárà tó máa ra ọṣẹ tí yóò bó o lára. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà mí láyè láti gba ọṣẹ, ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí. Ó ní, "Má mú un bí ẹni mú olè. Gbà á bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ tuntun lé ẹ lọ́wọ́. Jẹ́ kí ọwọ́ ẹ bá a rìn sẹ́yìn díẹ̀." Nígbà tí Kóòṣì kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù sí wa, tó rí i bí ọwọ́ wa ṣe ń bá a rìn, ó bi wá pé níbo la ti gbá eré yìí rí. A ní ọṣẹ la fi kọ́ ọ. Ó rò pé à ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Òfin kan tún wà nílé wa tí ìyá wa kì í fi ṣeré. Inú abọ́ kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń jẹun. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá na ọwọ́ sí ẹran tàbí ẹja, èmi gbọ́dọ̀ kó ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe kí n kàn dúró o. Ẹ̀yìn mi gan-an ni ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà, kí gbogbo ayé lè rí i pé mi ò bá a dù ú. Ìyá wa á ní, "Ọmọ tó bá ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ du ẹran, tí n kò bá sí láyé mọ́, kí ni kò ní bá a dù?" Àwọn ọmọ tí a jọ ń gbé agbo ilé, ọmọ Gã àti ọmọ Ewe, máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní mo dà bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Àwọn kò mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé ẹran náà, á fà á sí méjì, á ti èyí tó tóbi sí ọ̀dọ̀ mi, á ní eyín ń dun òun. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni eyín yẹn ti ń dùn ún. Ọjọ́ pẹ́ kí n tó rí i pé ó ń fi eyín kan náà fọ́ egungun.

Èbúté Tema ló ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kó àpò ìrẹsì sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, èjìká ọ̀tún rẹ̀ sì ni gbogbo àpò yẹn ń gùn. Ọdún kan, lẹ́yìn òjò, ní àkókò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, mo ṣàkíyèsí pé bọ́ọ̀lù tó bá jù sí béèsì kìíní ti ń kanlẹ̀ kó tó débẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tó bá jù ú, ńṣe ni àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó gbà á máa ń ta á. Ní báyìí bọ́ọ̀lù á fò díẹ̀, á kanlẹ̀, á wá máa yí lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àgùntàn tó ń relé lálẹ́, ẹni tó ń sáré á sì ti dúró lórí béèsì. Ẹ̀gbọ́n mi ní oòrùn ló wọ òun lójú. Nígbà mìíràn ó ní bọ́ọ̀lù tutù. Nígbà tó di ọjọ́ tí kò sí oòrùn, tí bọ́ọ̀lù kò sì tutù, kò sọ nǹkan kan mọ́. Nílé, mo máa ń rí i tó ń fi ọwọ́ òsì gbé garawa omi. Ìyá wa á máa fi òrí pa èjìká náà fún un, á sì máa ṣépè fún ìrẹsì.

Ìdíje kan wá ń bọ̀ ní Tema, tí àwọn ẹgbẹ́ láti Accra àti àyíká rẹ̀ máa wá. Kóòṣì ní òun fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa jẹ́ ṣọ́ọ̀tìsítọ́ọ̀pù òun ní gbogbo ìgbà tí a bá jáde, nítorí ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń pààrọ̀ èèyàn bí ẹni pààrọ̀ ẹ̀wù. Ó pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Twi ló máa ń bá wa sọ, tó bá sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó le, ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ fìlà, á máa wo inú rẹ̀. Ó bọ́ fìlà.

Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ojú ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ wà níbẹ̀. Apá ẹ ni kò sí níbẹ̀ mọ́, Alata. Lọ sí béèsì kejì, níbi tí jíjù ò ti jìnnà. Àbúrò ẹ ni kó bọ́ sí àyè ẹ."

Èmi ni mo ń dúró sí béèsì kejì tẹ́lẹ̀, nítorí náà ńṣe ló kàn ní ká pààrọ̀. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní tí mi ò bá lè ṣe é, òun ní ọ̀dọ́kùnrin kan láti Tema, ẹni tó ti ṣọ́lé rí nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, tí apá rẹ̀ le. Ìyẹn ni òun máa fi sáàárín, èmi á sì padà sí béèsì kejì mi. "Nígbà náà..." Kò parí rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó sì dé fìlà rẹ̀ padà. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè fi ẹni tí apá rẹ̀ kò le mọ́ sí, àfi orí bẹ́ǹṣì.

Ẹ wo irú ọ̀ràn tó bá mi. Tí mo bá ṣe é dáadáa, mo gba àyè ẹ̀gbọ́n mi. Tí mo bá ṣe é burúkú, mo lé e kúrò lórí pápá pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi kò jiyàn. Ó ní, "Mo gbọ́, Kóòṣì. Ẹ ṣé." Nígbà tí a ń lọ sílé, ó ra kẹ́ńkè àti ẹja díndín fún àwa méjèèjì, ó sì gbé tirẹ̀ lọ́wọ́ láìjẹ. Inú mi bàjẹ́ débi pé mo jẹ tirẹ̀ mọ́ tèmi.

Ohun tó wá fẹ́ ba nǹkan jẹ́ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa rò. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, ẹsẹ̀ mi yá, apá mi le. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá ń yí nílẹ̀ bọ̀ ni mò ń gbà, mò ń jù ú, Kóòṣì sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá gbá ọ̀kan sókè, sáàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé tèmi ni. Mo sáré débẹ̀, mo gbójú sókè, mo rí i tó ń bọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó nà jáde. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ tèmi méjèèjì ti wà lẹ́yìn mi. Èmi kọ́ ni mo rán wọn lọ síbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí i pé mo ti débẹ̀, òun náà fa ọwọ́ tirẹ̀ padà, bọ́ọ̀lù sì já sí ìdí ẹsẹ̀ wa.

Kóòṣì pariwo, "Alata! Kí lo ń dúró dè?"

"Kóòṣì, mepa wo kyɛw," ni mo fi bẹ̀ ẹ́, "ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n ẹ? Bọ́ọ̀lù?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó tún gbá òmíràn, ọwọ́ mi tún lọ sẹ́yìn. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó lọ sókè láàárín wa lọ́jọ́ yẹn ló já. Kóòṣì ní kí n pariwo, kí n sọ pé tèmi ni. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ bá mi..." bọ́ọ̀lù ti kanlẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ará Tema yẹn, tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀, ní, "Alata, kó o tó kí i tán, ẹni tó ń sáré ti délé, ó ti jẹun, ó ti sùn." Kì í ṣe èèyàn burúkú. Èmi gan-an fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ń bí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ó ti gbà pé àyè yẹn kì í ṣe tòun mọ́, nítorí náà kò pariwo. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbà. Tí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra, ẹsẹ̀ á gbé e lọ síbi tó ti ń lọ láti ọdún mélòó kan wá, ọwọ́ rẹ̀ á nà, èmi á sì ká tèmi kò. Kóòṣì ní a máa bá ẹgbẹ́ kan láti Tema gbá eré ọ̀rẹ́ ní Sátidé, lẹ́yìn ìyẹn òun máa sọ ohun tóun bá fẹ́ ṣe.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ ọṣẹ dé. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè gun òkè ọkọ̀ lọ ju ọṣẹ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà dírẹ́bà ló ń jù ú, àwa méjèèjì dúró nísàlẹ̀. Ó ń lọ dáadáa títí dírẹ́bà fi ṣi ọ̀kan jù sáàárín wa. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìṣùpọ̀ ọṣẹ ńlá kan já sínú yanrìn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ìyá wa yọ jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Háà! Ẹ̀yin méjì, ọṣẹ kan! Ṣé ojú ń dùn yín ni?"

Ojú tì mí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí èjìká rẹ̀ dé orí ohun tí Kóòṣì sọ lábẹ́ igi, dé orí ọwọ́ mi tí kò yéé lọ sẹ́yìn. Ìyá wa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka yọ yanrìn kúrò lára ọṣẹ.

"Ìdí abọ́ ni mo ní kó ti máa kó ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn," ló wí fún ẹ̀gbọ́n mi. "Mi ò ní kí ọṣẹ mi máa já. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Èjìká ẹ ò gbé e mọ́, tiẹ̀ ń gbé e. Ṣé ìyẹn náà ṣòro ni?"

Mo ní, "Ìyá mi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀."

Ìyá wa ò wo ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló dojú kọ. "Èmi ni mo fi òfin yẹn sí i lára. Mi ò lè bá a yọ ọ́ lórí pápá yín, torí mi ò mọ ibẹ̀. Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Wá bí wàá ṣe ṣe é." Ó gbé ọṣẹ tó bà jẹ́ náà wọlé, òun nìkan ló sì lò ó títí ó fi tán.

Ní Sátidé, àwọn ará Tema dé pẹ̀lú aṣọ tó bára wọn mu, àwa wà nínú oríṣiríṣi tiwa. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo gba àwọn bọ́ọ̀lù tó ń yí nílẹ̀, mo jù wọ́n bó ṣe yẹ, ara mi sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀kan gbéra lọ sókè, sẹ́yìn béèsì kejì, sáàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo sáré. Ó sáré. Mo rí ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ mi sì lọ sẹ́yìn bí i ti àtẹ̀yìnwá. Bọ́ọ̀lù já, àwọn ará Tema sì kọjá lórí béèsì wọlé. Nígbà tí mo wo ọ̀dọ̀ Kóòṣì, ó ti bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń wo inú rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ará Tema wa ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó kan àwa láti gbá, mo jókòó sórí koríko, omijé wà lójú mi, mo sì ń díbọ́n pé eruku ni. Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi. Mo rò pé ó máa bá mi sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù tó já. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó tú okùn bàtà mi tó ti dẹ̀, ó sì so ó padà bó ṣe máa ń so ó nígbà tí mo wà ní kékeré. Pẹ̀lú orí rẹ̀ tó ṣì tẹ̀ ba, ó ní, "Tó bá tún lọ sókè, wò mí kó o tó wò ó. Ṣó o gbọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi." Mi ò mọ ohun tó ní lọ́kàn.

Kóòṣì jẹ́ kí n padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bóyá àánú mi ló ṣe é, bóyá ìbọ̀wọ́ ará Tema yẹn ni kò tètè wọ̀ ọ́, mi ò bi í rí. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀kan tó sanra nínú àwọn àlejò wa gbá bọ́ọ̀lù sókè gan-an, débi tí àwọn ewúrẹ́ pàápàá gbójú sókè. Ibi kan náà ló ń bọ̀ wá já sí. Mo sáré, mo sì rántí. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi kí n tó wo bọ́ọ̀lù.

Ó dúró jẹ́ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ìbọ̀wọ́ àti gbogbo rẹ̀, wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró bí mo ṣe máa ń jókòó nídìí abọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ oúnjẹ jẹ, àyà rẹ̀ nà síwájú, kí gbogbo ayé lè rí i pé kò bá mi dù ú. Ojú mi ni ojú rẹ̀ wà. Mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, nítorí ẹsẹ̀ yẹn ṣì fẹ́ lọ, òun ló dì í mú.

Kò sí ẹlòmíràn tó máa gbà á. Tí mi ò bá gbà á, á já, á sì jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú gbogbo ayé lásán. Mo pariwo. "Tèmi ni!" Mo tún pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń bá mi jiyàn. Bọ́ọ̀lù wá já sínú ìbọ̀wọ́ mi, ọwọ́ mi sì bá a rìn sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni gba ọṣẹ.

A pàdánù eré náà. Àwọn ará Tema mọ̀ ọ́n gbá jù wá lọ, ìyẹn kò ṣeé jiyàn lé. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kankan kò tún já láàárín wa mọ́. Nígbà tí a parí, Kóòṣì kò bọ́ fìlà rẹ̀. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Alata kékeré, ibẹ̀ ni wàá máa dúró lójoojúmọ́." Ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Alata àgbà, béèsì kejì." Ó wá bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn fún láàárín eré. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní èjìká ló ń dun òun.

Ọ̀pọ̀ ọdún la fi jọ dúró bẹ́ẹ̀, èmi àti òun, béèsì kejì láàárín wa. Mo pariwo mọ́ ọn níwájú àlejò àti ojúlùmọ̀, kò sì bínú sí mi rí. Títí di òní, tí òjò bá ń ṣú, èjìká yẹn ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nínú gbogbo wa.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, ìyá wa ro bàńkú, ó se ọbẹ̀ ilá sí i, ó sì fi orí ẹja ńlá kan sáàárín abọ́. Kò bi wá léèrè eré, ojú wa nìkan ló wò. A wẹ ọwọ́, a jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ ọ̀tún sí ẹja náà, mo sì rí i pé apá kò nà dé ibẹ̀. Ó dúró lójú ọ̀nà, ojú rẹ̀ sì fà ro. Mo rọra ti abọ́ náà sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, mo sì jókòó dáadáa.

Ó gbé ẹja náà, ó fà á sí méjì, ó ti èyí tó tóbi sí ọ̀dọ̀ mi. Ó ní eyín ń dun òun.